Ọ̀fẹ́ Ni Fún Ẹni Tó Dìbò Rárá

Nígbà tí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ka èsì ìbò tán, Velda Thornock ní kó tún un kà, torí ó dá a lójú pé ọkùnrin náà dojú ìwé kodò ni. Akọ̀wé tún un kà. Ìwé kò dojú kodò. Òfin ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò kò bá sọ pé Bẹ́ẹ̀ni, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn ará àfonífojì Warm Creek kò sì sún mọ́ ibẹ̀. Ìdajì gan-an, agbára káká ni wọ́n fi dé e.

"Ta ló dìbò Rárá?" Velda yíjú sí Ione Haslam, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó dúró tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìjọba, tó ń fi ìbọ̀wọ́ nu imú. "Gbogbo wọn ló buwọ́ lu ìwé tí mo gbé kiri! Wọ́n dì mọ́ mi! Wọ́n fún mi ní kọfí mu títí mo fi ń wá igbó tí mo máa tọ̀ sí!"

"Velda, rọra. Akọ̀wé ń gbọ́."

"Kó gbọ́! Ṣé òun kì í tọ̀ ni?"

Páì ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀ Velda, èyí tó yan sílẹ̀ de ayọ̀ ìṣẹ́gun. Ó wọ inú ọkọ̀, ó fi ṣíbí la ọ̀kan láàárín, òun àti Ione sì jẹ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ oúnjẹ ilé òkú. Nígbà tó yá, Velda nu ètè. Ó ní, "Ó dáa. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Ẹ̀ẹ̀kan ló kù lóòótọ́. Wolé-wolé ìpínlẹ̀ ti wá wo Ilé Omi, ó ti na ìka sí òrùlé tó ti ń tẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé bí ìgbà ẹ̀rùn bá dé tí owó àtúnṣe kò bá sí nílẹ̀, àgádágodo lòun máa fi tì í pa. Ìbò ìgbà ìrúwé nìkan ló wà láàárín ìsinsìnyí àti àgádágodo yẹn.

Ẹni tí kò bá mọ Ilé Omi lè máa wò ó pé kí ni wọ́n ń jà lé lórí. Láàárín àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà níbẹ̀, omi gbígbóná ń ru jáde látinú ilẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná sí i. Àwọn baba ńlá wọn, àwọn tó ń gé koríko tí wọ́n ń da ẹran, fi sìmẹ́ǹtì yí omi náà ká, wọ́n kọ́ ilé bò ó, wọ́n sì tẹ́ pákó gbọ̀ngàn kan sókè rẹ̀ fún ijó, eré orí ìtàgé àti àpèjẹ ìsìnkú. Bí wọ́n bá ń jó lókè, omi á máa gbọ̀n nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni Velda ti kọ́ gbogbo ọmọ àfonífojì náà láti lúwẹ̀ẹ́, láti ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló sọ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ rí o. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ti kú tán.

Kò sí ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ ra òrùlé. Títa bísíkíìtì kò sì lè kan òrùlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí àwọn ará ibẹ̀ fa ìlà yí ara wọn ká, kí ẹni tó bá ní ilé tàbí ilẹ̀ nínú ìlà náà máa san díẹ̀ lé owó-orí ilẹ̀ rẹ̀, kí owó yẹn má sì yà síbì kankan yàtọ̀ sí Ilé Omi àti gbọ̀ngàn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n bá fìbò yàn ni yóò máa ná an.

Velda fúnra rẹ̀ ló fa ìlà. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé ìdáná, ó gbé abọ́ tó fi ń yan páì, ó dojú rẹ̀ dé ibi tí Ilé Omi wà, ó sì fi pẹ́ńsù yí etí abọ́ náà ká. Òdodo tó rọrùn ni lójú rẹ̀: ìlà náà jìnnà sí omi bákan náà níbi gbogbo. Ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé bí ọba ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ bá ní abọ́ páì, ìdájọ́ rẹ̀ ì bá tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó gbàgbé ni ìwà ìlú rẹ̀. Ní Warm Creek, kò sẹ́ni tó ń sọ pé rárá lójú ẹni. Bí aládùúgbò bá gbé elégédé wá, wàá gbà á, wàá dúpẹ́, wàá sì lọ gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀. Bí ọmọ iléèwé bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire, wàá rà á. Velda pàápàá ti fi irú ìtìjú yẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì títí ó fi jẹ ìbọn ńlá kan tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín, ó sì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìbọ̀sẹ̀ ló ń sá lé e. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ bá sì dé ẹnu ọ̀nà, tí arúgbó tó kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ dì í mú, ta ni ẹ fẹ́ kó kọ̀? Wọ́n á buwọ́ lù ú. Ó di inú àgọ́ ìdìbò, níbi tí ojú kò ti rí ojú, kí àyà tó sọ tirẹ̀.

Ọjọ́ kejì ìbò, kí òtútù àárọ̀ tó lọ, Velda ti wà lóko Fermin Goikoa. Fermin ló ní àgùntàn jù ní àfonífojì náà. Baba rẹ̀ àgbà, ọmọ ilẹ̀ Basque ní Yúróòpù, fi ẹsẹ̀ da àgùntàn wọ ibẹ̀, Fermin náà sì ti darúgbó díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n lójú Velda ọmọ tó ń bẹ̀rù omi tó sì máa ń pariwo ló ṣì jẹ́.

"Fermin, dúró níbẹ̀. Báwo lo ṣe dìbò?"

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Òjò dídì máa pọ̀ lọ́dún yìí o."

"Mi ò bi ọ́ nípa òjò dídì."

"Ẹ wọlé kí ẹ mu kọfí."

"Mo ti mu kọfí yín tó! Kọfí yín ló tàn mí jẹ! Ṣé o dìbò fún mi àbí o ò dìbò fún mi?"

Fermin wo bàtà rẹ̀. Ó wo ajá rẹ̀. Ó wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé òkè yóò bá a dáhùn. "Tíṣà," ó ní, "ìyàwó mi yan búrẹ́dì. Ẹ gba ọ̀kan lọ."

Velda gba búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú, ó sì dùn, èyí tún fi kún ìbínú náà. Ó ya ilé márùn-ún, mẹ́fà mìíràn. Ilé kọ̀ọ̀kan fún un ní nǹkan jẹ. Kò sílé tó fún un lésì. Nígbà tó fi délé, okùn ṣòkòtò rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀.

Ó ronú títí. Níbo ni àwọn èèyàn yìí ti ń sọ òtítọ́? Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Inú omi ni. Láti ọdún pípẹ́, inú omi gbígbóná yẹn ni Velda ti gbọ́ ẹni tí jẹ̀dí-jẹ̀dí ń dà láàmú, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń sùn sínú ọkọ̀, ẹni tó ta màlúù tó ń wúkọ́ fún àna rẹ̀. Bí aṣọ bá ti bọ́, tí ikùn bá ti léfòó, ìgbéraga kò ní àpò tó máa sá sí.

Ló bá kọ ìkéde kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn Ilé Omi, mọ́ ilé epo àti mọ́ ilé ìtajà:

GBOGBO ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́BỌ̀. ẸNI TÓ DÌBÒ RÁRÁ, Ọ̀FẸ́ NI. ẸNI TÓ DÌBÒ BẸ́Ẹ̀NI, KÓ SANWÓ. Ẹ WÁ BÚ MI.

"Orí rẹ ti dàrú," Ione wí, bó ṣe ń kà á. "Ta ló máa wá? Ẹni tó bá wọlé ti jẹ́wọ́ nìyẹn."

"Òtútù á mú wọn wá. Ọ̀fẹ́ á tì wọ́n lẹ́yìn."

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó yọjú. Velda nìkan jókòó sínú omi bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ṣọ́jà, òjò dídì ń gba ihò òrùlé já lé e lórí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, bákan náà. Ione ní kó já ìkéde kúrò, wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nílé epo. Velda ní kò séwu, ẹ̀fẹ̀ náà kì í ṣe oró, òun sì ti fara da ẹ̀fẹ̀ tó burú jùyẹn lọ láti ọjọ́ tí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ òun ti ya níwájú bíṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀ kẹta, ilẹ̀kùn ké gbì, Fermin wọlé. Ìgbà ìbímọ àgùntàn ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí dòjé. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kọjá níwájú àpótí owó láìdúró, ó sì wọ inú omi díẹ̀díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ pupa bí bíríkì, ikùn rẹ̀ funfun bí wàrà.

Velda ò sọ̀rọ̀. Fún obìnrin bí i tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ó ń bu ahọ́n jẹ.

"Tíṣà," Fermin sọ nígbà tó yá, "ẹ máa bínú o."

"Mo ti ń bínú tẹ́lẹ̀. Sọ ọ́."

"Abọ́ páì yín ti gun òkè kọjá."

"Kí ni?"

"Ìlà tí ẹ fà. Ó gun òkè kọjá, ó sì gbé ilẹ̀ tí mo ń da ẹran sí nígbà òtútù mì. Kò sí ọ̀nà láti ibẹ̀ wá síhìn-ín. Kò sí ilé níbẹ̀. Ìkookò nìkan ló wà níbẹ̀, Tíṣà. Ṣé kí n máa san owó ìlúwẹ̀ẹ́ ìkookò ni?"

"Ìlà náà yíká. Ìdọ́gba ni mo rò."

"Àwọn olówó tó kọ́ ilé ìsinmi sétí adágún lápá ìsàlẹ̀ ńkọ́? Títì ọ̀dà ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà yín. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kún inú omi yìí bí ẹja inú agolo. Ẹ yọ wọ́n sílẹ̀."

"Abọ́ ló yọ wọ́n. Èmi kọ́."

"Ta ló gbé abọ́?"

Velda la ẹnu láti dáhùn, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lọ́fun. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi gba imú rẹ̀ wọlé, tó ń wúkọ́, tí Fermin fi ń gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń gbá ọmọ àgùntàn tó fẹ́ gan. "Olúwa mi! Mo gbé gbogbo ayé sábẹ́ abọ́! Bó bá jẹ́ àwo ìfọṣọ ni mo rí ńkọ́, ǹ bá ti gba owó-orí dé Kánádà!"

Fermin náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nǹkan míì tún wà," ó sì sọ pé ojú òun kò rí owó-orí tó wọlé tó tún jáde rí. Bí wọ́n bá ti fi lélẹ̀, ọmọ ọmọ òun ló máa jogún un. Ó fẹ́ ìlà tó mọ òkè yàtọ̀ sí títì, àti owó tó ní òpin, tí wọ́n á tún fìbò bi àwọn èèyàn léèrè tó bá yá.

Bó ṣe délé ló sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n di bí i méje. Lẹ́yìn náà ibi ìfaṣọkọ́ kò gbà wọ́n mọ́. Gbogbo àwọn tó dì mọ́ Velda lẹ́nu ọ̀nà wọn wá jókòó yí i ká nínú omi, wọ́n pupa bí edé tí wọ́n bọ̀, wọ́n sì ń bú u pẹ̀lú ìgbádùn. Ọ̀kan ní gbọ̀ngàn òkè náà, àwọn ọ̀rẹ́ Velda nìkan ló ń rí i lò. Òmíràn ní òun ò mọ ẹni tó máa ná owó. Velda ń gbà á bí ó ti ń bọ̀, ó ń dáhùn, ó ń bú wọn padà, ó ń fi èédú kọ ọ̀rọ̀ wọn sára ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Aájò rẹ̀ gbóná ju omi lọ. Ó ti ń rí i pé ìbò yóò yí. Ó ti ń gbọ́ ìró òòlù lórí òrùlé tuntun nínú ọkàn rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ione wọlé.

Ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn. Ó dé ibi àpótí owó, ó dúró díẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó. Kò mú owó jáde. Ó kọjá, ó gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó jókòó kọjú sí Velda.

"O gbàgbé àtisanwó," Velda wí.

"Mi ò gbàgbé."

Ìgbóná omi kò yí padà, ṣùgbọ́n òtútù mú Velda láti àtàǹpàkò. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn! Ione, tó bá a gbé ìwé kiri. Ione, tó ń nu imú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ?"

"Èmi."

"Ione, ìwọ?"

"Má pe orúkọ mi bí ẹni pé mo kú. Mo wà níbí. O ní ká wá bú ọ, mo wá."

Àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà. Fermin fẹ́ dìde. Ìhòòhò ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún un. Ione ní, "Jókòó, Fermin. Ó kàn ọ́." Ó wá yíjú sí Velda. "Láti ìgbà wo ni mo ti ń bá ọ gbé korobá níbí? Mo ń fọ ilẹ̀, mò ń ran aṣọ ìtàgé, mò ń jí wá ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣé o bi mí rí pé, Ione, kí lo rò? O fa ìlà, o gbé e wá fún mi ní fífà tán. O fi bírò sí mi lọ́wọ́, o ní buwọ́ lù ú níbí. Mo bá buwọ́ lù ú. Mo wá dé inú àgọ́ ìdìbò, mo rí i pé bí mo bá sọ pé Bẹ́ẹ̀ni, mo ti fi ọ́ jọba nìyẹn, pẹ̀lú owó-orí nídìí rẹ̀. Títí n ó fi kú ni n ó máa gbé korobá."

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ jọba."

"Velda, o ti ra òòlù tí alága fi ń lu tábìlì ìpàdé! Kí á tó dìbò!"

"Wọ́n gé owó rẹ̀ kù!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Velda wo ojú wọn kiri. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Fermin ń wo omi. Ó wá yé e pé ọ̀rọ̀ tí Ione sọ yìí, gbogbo wọn ló ti gbé e wá sínú omi, tí wọ́n sì ń fi òkè, ìkookò àti ìgbà tí owó máa tán bò ó mọ́lẹ̀. Òun gan-an ni Rárá tó kù.

Ó fa èémí, ó sì rì sábẹ́ omi. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù lókè bí erékùṣù. Abẹ́ omi yẹn ló ti máa ń ronú láti ọmọdé. Ó ronú nípa àgádágodo. Ó ronú nípa àga alága, àga tó ti jókòó sí lójú àlá láìmọye ìgbà. Ilé Omi àti àga yẹn kò lè jọ bá a gbélé. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ.

Ó jáde, ó ń mí gúlegúle, irun rẹ̀ bò ó lójú.

"Bí mi ò bá sí nínú ìgbìmọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," Ione wí.

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò ní dupò. Mi ò ní jẹ́ alága, mi ò ní jẹ́ akọ̀wé, mi ò ní jẹ́ ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ṣé wàá dìbò Bẹ́ẹ̀ni?"

Ione nu ojú. "Tí ìwọ bá wà níta, ta ló máa wà nínú?"

"Ìwọ ńkọ́? Ẹnu ẹ ti dá ṣáṣá báyìí."

"Velda, má tún fi mí jẹ oyè lábẹ́ omi!"

"Ó dáa, ó dáa! Kí lo rò? Mo ń bi ọ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́rìí, ẹ gbọ́, mo ti bi í!"

Báyìí ni ìlà tuntun ṣe jáde. Kò yíká mọ́. Ó rí játijàti bí aṣọ tí eku jẹ. Ó tẹ̀ lé títì lọ dé etí adágún, ó kó àwọn ilé ìsinmi wọlé, ó dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì dúró. Wọ́n fi òpin sí owó náà, kí wọ́n tún fìbò bi àwọn èèyàn léèrè kó tó lè tẹ̀ síwájú. Velda kò mú pẹ́ńsù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tuntun tún ń fẹ́ ìbuwọ́lù, Velda sì tún gba ẹnu ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n ó ti kọ́gbọ́n. Bí ẹnì kan bá yára mú bírò, á gbé ìwé sẹ́yìn.

"Mi ò gba bẹ́ẹ̀ni yẹn. Ó ti yá jù. Bá mi jà díẹ̀ ná."

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ bá yín jà sí, Màmá Velda."

"Irọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá o fún mi ní kọfí, o sì dìbò Rárá. Kí ló ń dùn ọ́?"

Wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀. Nígbà tó bá yá wọ́n á sọ ọ́, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà bí omi tó já. Àwọn kan bá a jà dọ́kàn, wọn kò sì buwọ́ lù ú. Velda bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó lọ. Ẹnì kan ju bàtà lù ú. Ó gbé bàtà náà padà fún un, ó ní kò mọ nǹkan jù dáadáa, kó wá sí Ilé Omi kí apá rẹ̀ lè nà. Nígbà tí àwọn kọmíṣánnà ìjọba ìbílẹ̀ sì pe àpérò, tí àwọn ará etí adágún wá fi ohùn gíga béèrè ìdí tí wọ́n fi fa àwọn wọlé, Fermin ló dìde. Ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ ní gbangba rí! Ó di fìlà rẹ̀ mú, ó ní, "Nítorí pé ẹ ń lúwẹ̀ẹ́. Ìkookò kì í lúwẹ̀ẹ́," ó sì jókòó. Àwọn kọmíṣánnà sì fọwọ́ sí ìlà náà.

Ọjọ́ ìbò ìgbà ìrúwé, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Velda dìbò tirẹ̀, ó padà sílé, kò yan páì kankan. Ione ló pè é láti ilé ìjọba.

"Velda."

"Sọ ọ́ kí n tó kú."

"Ó bọ́ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i."

Velda gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sì sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà kò lè dìde mọ́, ó fi ìdí wọ́ dé ibi àga, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìpàdé àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ tuntun, gbọ̀ngàn òkè Ilé Omi kún. Ione ni alága, Fermin jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù tò tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn láti etí adágún. Velda wà láàárín èrò, lórí àga pákó tó ń ta á nídìí. Akọ́lé ti wá sọ pé a kò lè tún òrùlé ṣe ní ìdajì-ìdajì, gbogbo rẹ̀ ló máa sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á ti Ilé Omi pa ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn.

Ara Velda gbóná. Gbogbo ìgbà ẹ̀rùn! Àsìkò tí àwọn ọmọ ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́! Odò ìbomirin tó gba àárín oko kọjá kì í mọ ọmọ ẹni, omi rẹ̀ sì máa ń yára. Ó na ọwọ́. Ó fi ọwọ́ náà sókè títí Ione fi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Màmá Thornock, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní."

Màmá Thornock! Velda gbé e mì. "Rárá ni tèmi," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi jíjìn, kí ẹ fi igi gbé e dúró, kí àwọn ọmọ máa lo apá ibi tí kò jìn. Ọdún kan tí ọmọ ò kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ọdún tí ìyá rẹ̀ ò sùn ni."

Akọ́lé mi orí. Ó ní òun kò lè fi ọmọ kankan sábẹ́ òrùlé tó ń ṣubú. Ìgbìmọ̀ dìbò. Gbogbo wọn ló dìbò pé kí wọ́n tì í, Ione náà. Ó wo Velda lójú bó ṣe ń na ọwọ́ rẹ̀, kò yẹ ojú. Velda náà kò yẹ ojú. Ó jókòó. Ó tún dìde.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta yín ti tán," Ione wí.

"Mi ò bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Fermin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fermin, adágún kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ, báwo ló ṣe jìn tó?"

Fermin ti mọ ibi tó ń lọ. Ojú rẹ̀ yí. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró de kọfí àti búrẹ́dì.

"Rárá, Tíṣà," Fermin sọ.

Níwájú èrò, ní ojúkojú!

"Nítorí kí ni?" Velda bi í, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé ó fẹ́ gun tábìlì.

"Àgùntàn ń mu níbẹ̀. Ìgbẹ́ wọn yí gbogbo etí rẹ̀ ká. Wolé-wolé á gbé èmi náà."

"Bí ìgbẹ́ bá kúrò tí a sì mọ odi ká a ńkọ́? Tí wolé-wolé bá wò ó tó ní ó dáa?"

"Ta ló máa kó o? Ó pọ̀ o."

"Ọjọ́ wo ni àgùntàn ń gòkè lọ jẹko?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé ni n ó dé. Wá ṣọ́bìrì tó gùn fún mi. Ìbàdí mi kò lè tẹ̀ mọ́."

Fermin wo Ione. Ione gbé èjìká, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Fermin wá fi orí jẹ́ bẹ́ẹ̀ni díẹ̀díẹ̀, ó ní òun á ya ṣọ́bìrì méjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí omi kò bá mọ́ lójú òun, òun kò ní gba ọmọ kankan síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má sọ pé òun ò sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Velda gúnlẹ̀ sí oko Fermin pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Ó rí ìgbẹ́ náà, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní Ọlọ́run ṣàánú, kí ni wọ́n ń fún àwọn ẹran yìí jẹ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o.